Ibi Tí Omi Ìdí-Àgbọn Ti Wá

Ẹ̀wù náà ń mí.

Ìyùnadé dúró níwájú rẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e láyà, ó sì gbọ́ bí ó ṣe ń wú tó sì ń rọlẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí àyà ọmọ tuntun tó yó tó sì sùn. Ẹ̀wù mẹ́rin ni wọ́n kó dé láti ọ́fíìsì èbúté ní ìdájí, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni Màámi sì fi kọ́ sórí okùn ní pálọ̀: ti Bàámi, ti Màámi fúnra rẹ̀, ti Ìyùnadé, àti ti Ìyá Àgbà. Gbogbo wọn funfun bí òwú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là, gbogbo wọn ń mí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹnì kankan nínú wọn.

"Yọ ọwọ́ kúrò lára rẹ̀," ni Màámi wí láti ìdí àpótí tó ń dì. "Wọ́n ní tó bá ti mọ ara èèyàn tán, kì í fẹ́ fi í sílẹ̀ mọ́."

"Bíi Bàámi nìyẹn."

Bàbá rẹ̀ gbọ́. Ó dúró níwájú dígí, ó dé fìlà onírun tó bá ẹ̀wù tirẹ̀ wá, òógùn ń ṣàn sí i létí méjèèjì, kò sì ṣí i. Láti àárọ̀ ló ti ń wo ara rẹ̀ bí ọkọ ìyàwó.

Níta, fèrè oòrùn ṣì ń dún. Títí tí yóò fi dákẹ́ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fi orí hàn lábẹ́ ọ̀run ní gbogbo Ẹ̀pẹ́, ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ di ti ọlọ́pàá àti dókítà. Inú ilé ni gbogbo ayé wà, abẹ́ òrùlé onífàdákà, wọ́n ń dúró de ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ òní kì í ṣe ìrọ̀lẹ́ lásán fún ìdílé Akíngbadé. Ọdún mọ́kànlá ni orúkọ wọn fi wà lórí ìlà. Ìdílé méje péré ni ọkọ̀ Ọmọlókun ń kó lọ sí ilẹ̀ yìnyín lọ́dún, nítorí pé yìnyín tó kù láyé kò ju ìwọ̀nba lọ mọ́, èémí èrò púpọ̀ sì lè pa á. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọ̀la, ọkọ̀ yóò ṣí.

"Ata odindi ni wọn kò gbà," ni Màámi ń sọ fún ara rẹ̀, ó ń yọ nǹkan, ó ń dá a padà. "Wọ́n ní kóró rẹ̀ lè hù níbẹ̀. Wọ́n gba ata gígún. Wọ́n gba gààrí. Ẹja gbígbẹ ńkọ́? Ẹja kì í kúkú hù."

Ìyùnadé fi wọ́n sílẹ̀, ó wọ yàrá Ìyá Àgbà lọ. Gbogbo àdúgbò ló ń pe ìyá yìí ní Màmá Ìdí-Àgbọn, orúkọ ìlú kan létí òkun tí òkun ti bò mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó bí Ìyùnadé. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni. Òun ló ní kí wọ́n kọ orúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ kìíní. Nígbà tí akọ̀wé bi í pé kí ló fẹ́ lọ ṣe nínú òtútù lọ́jọ́ ogbó rẹ̀, ohun tó sọ ni pé, "Omi tó gba ilé mi, wọ́n ní yìnyín tó yọ́ níbẹ̀ ni. Mo fẹ́ rí ibi tó ti wá." Akọ̀wé kò rí àyè kankan nínú fọ́ọ̀mù tí ó lè kọ èyí sí. Ó kọ "ìgbafẹ́."

Ìyá Àgbà ti wẹ̀ tán. Ó jókòó lórí àpótí kékeré kan, ó ro aṣọ mọ́dìí, ó kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn. Lẹ́tà tó bá àwọn ẹ̀wù wá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Ìyùnadé sì ti kà á tó ìgbà mẹ́wàá: kí arìnrìn-àjò wẹ̀, kí ara rẹ̀ sì mọ́ tónítóní, kó tó wọ ẹ̀wù.

"Bá mi mú igbá yẹn," ni Ìyá Àgbà wí.

Igbá kékeré kan ni, òrí wà nínú rẹ̀, ó kù díẹ̀ ní ìsàlẹ̀. Ìyùnadé mọ iye ọdún tí ìyá náà ti ń ṣọ́ ọ lò. Igi tó ń so òrí kò tó ogún mọ́ ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, ọgbà ìjọba ni gbogbo wọn sì wà.

"Ẹ ò ní tọ́jú rẹ̀, Màmá?"

"Ti ọjọ́ wo? Ta ní í wẹ̀ tí kì í para? Ewúrẹ́? Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ẹ ò mọ ọyẹ́. Ọyẹ́ tó jà kẹ́yìn, ìyá rẹ kò tíì máa rìn. Bó bá dé, ètè á là, ẹsẹ̀ á funfun bí ti adìyẹ. Ìyá mi á fi òrí pa wá láti orí dé àtàńpàkò, a ó máa dán gbinrin. Òtútù tó bá rí ara tó dán, á fòyà."

Bẹ́ẹ̀ ni Ìyùnadé ṣe fi òrí náà pa ìyá ìyá rẹ̀. Ó fi pa ẹ̀yìn tó ti tẹ̀, ó fi pa àyà, ó fi pa apá tó ti fúyẹ́ bí ẹ̀ka gbígbẹ, títí igbá fi ṣófo. Ó fi ìfẹ́ pa á. Òórùn rẹ̀ kún yàrá, òórùn kóró yíyan àti èéfín àti ilé tó ti lọ.

*

Nígbà tí fèrè oòrùn dákẹ́ tí wọ́n sì wọ ọkọ̀ kékeré já sí èbúté, Màámi, tí kì í pa ẹnu dé, pa ẹnu dé.

Ọmọlókun dúró lórí omi bí ìlú tó ṣe tán láti ṣí lọ. Ó ga ju ilé alájà ogún lọ. Ìgbòkun rẹ̀ mẹ́fà, tí wọ́n fi ń gba oòrùn, tẹ́ sílẹ̀ bí ìyẹ́ ẹyẹ ńlá tó ń yá oòrùn, àwọ̀ aró wọn sì ń tàn sára omi dé ọ̀dọ̀ wọn. Láti ìgbà tí òkun ti gun òkè dé Ẹ̀pẹ́ ni irú ọkọ̀ báyìí ti ń rí ibi gúnlẹ̀. Ìyùnadé gbé orí sókè títí ọrùn fi dùn ún. Ó rò ó pé bí òun bá lè rí nǹkan tó tóbi tó èyí lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kí ni ojú òun yóò wá fi rí ilẹ̀ yìnyín?

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó gun ọkọ̀, ó gbọ́dọ̀ gba inú Yàrá Òtútù kọjá. Tanímọlá sì ni olùṣọ́ rẹ̀.

Àyà Ìyùnadé já nígbà tó rí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ̀ pé òun yóò rí i. Ó dúró níwájú ilẹ̀kùn irin, ó wọ aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ eérú, ojú rẹ̀ sì ní ìkúùkù díẹ̀, bí ẹni tí kò sùn tó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, lórí afárá onígi lẹ́yìn ilé wọn, ló bi í bóyá yóò fẹ́ òun. Ìyùnadé ní kó dúró, oṣù mẹ́ta péré ni ìrìn-àjò náà, òun yóò dá a lóhùn bí òun bá dé. Láti ọjọ́ náà, Tanímọlá ń fi ọjọ́ ka ọjọ́, Ìyùnadé náà sì ń kà á.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin arìnrìn-àjò," ni Tanímọlá wí. Kò wò ó lójú. Lókè orí rẹ̀, lára ògiri, ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Etí wà, ó yípo bí ọpọ́n, ó ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀, ó sì ń fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá. Níwájú Etí, kò sí "ìwọ" láàárín òun àti Ìyùnadé. "Ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ ó máa wọlé. Ìdajì wákàtí. Bí àtùpà bá ní àwọ̀ ewé, ara yín àti ẹ̀wù ti mọ ara wọn. Bó bá di rúsúrúsú, ó ń ṣe iyèméjì. Bó bá pupa, ó parí."

Ó ka òfin fún Bàámi wàràwàrà, bí ọmọ ilé-ìwé tó ń ka àkọ́sórí. Bàámi wọlé. Nígbà tó jáde, òtútù ti sọ irùngbọ̀n rẹ̀ di funfun báláú.

"Kí lẹ rí níbẹ̀?" ni Màámi bi í.

"Èémí mi," ni Bàámi wí. "Mo rí èémí mi, Ìyá Ìyùn. Ó jáde lẹ́nu mi, ó dúró níwájú mi, mo ń wò ó."

Màámi wọlé, òun náà jáde, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé sì wà lójú rẹ̀. Ó wá kan Ìyá Àgbà.

Kò pẹ́ tó ìṣẹ́jú mẹ́ta tí àtùpà fi pupa.

Ìyùnadé rí i láti ojú fèrèsé gíláàsì. Ẹ̀wù ìyá náà dẹ́kun mímí. Ó rọ̀ sí i lára bí àpò tí wọ́n ti da ẹ̀wà inú rẹ̀ nù, Ìyá Àgbà sì dúró sí àárín funfun náà, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó ń gbọ̀n. Ohùn Etí jáde láti ara ògiri, ó dákẹ́ rọ́rọ́, kò bínú, kò sì ṣàánú:

"Ẹ̀wù ṣófo. Kò sí ara níbẹ̀."

Tanímọlá ti já ilẹ̀kùn ṣí kí ọ̀rọ̀ náà tó tán. Ó gbé ìyá náà jáde, ó fi aṣọ gbígbóná bò ó, ó yí inú ẹ̀wù síta. Àwọn ahọ́n kéékèèké tó wà nínú rẹ̀, tí ẹ̀wù fi ń tọ́ ara èèyàn wò, ń dán gbinrin.

"Kí lẹ fi para, Màmá?"

"Òrí ni."

Ó di ojú. Ó ní, "Ẹ̀wù kò lè mọ ara lábẹ́ òrí. Ó rò pé òun kò bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀, nínú òtútù, ẹ̀wù kì í sì í mí fún ẹni tí kò bá mọ̀."

"Ó ní mi ò sí níbẹ̀?" Eyín Ìyá Àgbà ń lu ara wọn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ le. "Ọkùnrin kan wà tó sọ bẹ́ẹ̀ sí mi rí. Èmi ni mo sin ín."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ìyùnadé ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. Òrí ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀.

"Èmi ni mo fi pa á," ó wí. "Ẹ jẹ́ kó wẹ̀ ẹ́ kúrò, kó tún wọlé."

"Ara tí òtútù bá kọ̀ kò gbọ́dọ̀ padà wọlé kí ọjọ́ méje tó pé," ni Tanímọlá dáhùn, ohùn rẹ̀ bí ẹni tó ń gbé òkúta. "Òfin ni."

Ọjọ́ méje. Ọkọ̀ yóò ṣí ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Lẹ́yìn náà, ìlà ọdún mọ́kànlá mìíràn.

Màámi ní kí gbogbo ìdílé padà sílé. Ìyá Àgbà ní rárá o, kí wọ́n lọ, kí wọ́n wá ròyìn fún òun, òun yóò gbọ́ ọ bí ẹni tó lọ. Bàámi ṣí fìlà onírun rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, kò mọ ibi tí yóò fi í sí.

Ìyùnadé sún mọ́ Tanímọlá títí ó fi ń gbọ́ òórùn ọṣẹ lára rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá bẹ̀ ẹ́, yóò tẹ bọ́tìnì kan, yóò kọ ọ́ pé ìyá náà yege. Ó rí i lójú rẹ̀. Ìfẹ́ lè mú èèyàn ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀wù tí kò tíì mọ ara ìyá lè tún dẹ́kun mímí mọ́ ọn lára ní ilẹ̀ yìnyín. Irọ́ ìfẹ́ yóò sì wá di òkú ìyá. Ó gbé ẹ̀bẹ̀ náà mì.

"Ó kan ẹ̀yin," ni Tanímọlá wí fún un. "Ẹ tẹ́tí sí òfin."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Kò kà á wàràwàrà bó ti kà á fún àwọn tó kù. Ó ń kà á bí ọkùnrin tó ń ka lẹ́tà tí òun fúnra rẹ̀ kọ, ọ̀rọ̀ kan, ìsinmi, ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tó dé ìkẹsàn-án, ó gbé ojú sókè, ojú tó ń fi pamọ́ láti ìrọ̀lẹ́, ó gbé e lé ojú Ìyùnadé.

"Ara tí a bá pọ̀n sẹ́yìn, ara ẹni tó pọ̀n ọ́n ni. Ẹ̀wù kan ni yóò bò wọ́n. Àpò ẹ̀yìn ẹ̀wù obìnrin wà fún un."

Ó dúró.

"Òfin gbà mí láyè láti tún un kà," ó wí, "bí arìnrìn-àjò kò bá gbọ́ dáadáa."

"Mi ò gbọ́ dáadáa," ni Ìyùnadé wí. Ó sì tún un kà.

"Ẹni tí a pọ̀n yẹn," ni ó bèèrè, "ọmọ ọdún mélòó ni?"

"Òfin kò dárúkọ ọjọ́ orí."

Etí ń yí lára ògiri. Kò sọ nǹkan kan.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí lẹ ń sọ?" Ọ̀rọ̀ náà ti yé Ìyá Àgbà tán, ìdí nìyẹn tó fi ń bèèrè. "Kí ọmọ ọmọ mi pọ̀n mí lójú èrò?"

"Màmá, bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu," ni Màámi wí jẹ́jẹ́.

"Mi ò tíì di òkété."

"Ohun kan wà, Màmá," ni Tanímọlá wí. Ó lóṣòó níwájú ìyá náà kí ojú wọn lè dọ́gba. "Bí wọ́n bá pọ̀n yín wọlé, pípọ̀n ni títí ẹ ó fi dé. Níbikíbi tó bá ti tutù, ẹsẹ̀ yín kò gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀. Ẹ ó rí yìnyín. Ẹ kò ní í dúró lórí rẹ̀."

Ìyá Àgbà wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìyùnadé mọ ohun tó ń rò. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń sọ ọ́ fún un, bí òun yóò ṣe tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì, bí onílé tó dé ẹnu ọ̀nà ẹni tó jí ilé rẹ̀ gbé.

"Ojú mi ni mo fẹ́ mú lọ," ni ìyá náà wí níkẹyìn. "Ẹsẹ̀ ti rìn tó. Níbo ni omi gbígbóná wà?"

Ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn ni Màámi fi bó òrí kúrò lára rẹ̀ ní balùwẹ̀ èbúté, títí awọ fi ń dún fún mímọ́. Màámi tú ìborùn rẹ̀, ó fi ṣe ọ̀já. Ìyùnadé tẹ̀ síwájú, ó gba ìyá ìyá rẹ̀ sẹ́yìn, ó so ọ̀já náà le lókè ọmú. Ẹnu yà á bí ó ti fúyẹ́ tó. Wọ́n fi ẹ̀wù Ìyùnadé bò wọ́n, orí funfun kan yọ lẹ́yìn orí dúdú kan, ẹ̀wù náà sì mí kanlẹ̀.

"Ara mélòó?" ni Etí bèèrè.

"Ọ̀kan," ni Tanímọlá wí. Ohùn rẹ̀ kò mì.

Ilẹ̀kùn tì lẹ́yìn wọn.

Kò sí ẹni tó ti sọ fún Ìyùnadé pé òtútù ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Kò ní òórùn kankan. Ó kàn dúró níbẹ̀, ó funfun, ó mọ́, ó ń wo èèyàn. Èémí rẹ̀ jáde, ó di ìkúùkù, èémí Ìyá Àgbà gba èjìká rẹ̀ kọjá, ó pàdé rẹ̀, méjèèjì sì para pọ̀ lókè. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì dúró lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ láìṣàn. Láyé rẹ̀, kò mọ̀ pé nǹkan kan wà tó lè mú omijé dúró.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Lẹ́yìn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àtùpà di rúsúrúsú. Ooru ara kan ń gbìyànjú láti tó ara méjì, kò sì tó. Ìyùnadé rí Tanímọlá lẹ́yìn gíláàsì, ọwọ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn, ìka márààrún.

"Ìyùn," ni Ìyá Àgbà wí. "Wo ibẹ̀."

Lára gíláàsì fèrèsé, ní ìsàlẹ̀ ọwọ́ Tanímọlá, nǹkan kan ń hù. Ó funfun, ó ní ẹ̀ka, ẹ̀ka rẹ̀ ní ewé, ewé náà ní iṣan wínníwínní, ó ń gun òkè lójú wọn láìsí ẹni tó gbìn ín. Ìyá Àgbà yọ ọwọ́ láti ọrùn ẹ̀wù, ó fi ìka kan án.

"Ṣé òun nìyí, yìnyín?"

"Ọmọ rẹ̀ ni, Màmá. Èyí tó kéré jù."

Ìyá náà kò yọ ìka rẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kì í ṣe Ìyùnadé ló bá sọ̀rọ̀.

"Ìwọ lo gba ilé mi," ó wí. "Ó wá jẹ́ pé o rẹwà tó báyìí."

Ara Ìyùnadé bù máṣọ. Láìmọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mi ara, bí gbogbo obìnrin tó bá pọ̀n ọmọ ṣe ń ṣe bí ọmọ bá ń sunkún, ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì, ìdí ń lọ, ìdí ń bọ̀. Kò sí ẹni tó pọ̀n ọmọ tí í dúró lójú kan. Ó mú ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń rọra gbá ẹrù rẹ̀ pẹ́pẹ́.

"Má gbá mi nídìí," ni Ìyá Àgbà wí.

"Ẹ má bínú, Màmá."

"Mo ní kí o má gbá mi. Mi ò ní kí o má jó."

Ó ń jó. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbóná, ó gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọ àyà ìyá náà, gbígbọ̀n náà rọlẹ̀, ẹ̀wù sì bẹ̀rẹ̀ sí í mí jinlẹ̀, bí ẹni tó ti rántí. Rúsúrúsú ń ṣe iyèméjì, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ìyùnadé kò wò ó mọ́. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí tí ooru Ẹ̀pẹ́ sì gbá a lójú, ojú Tanímọlá ló wò láti mọ àwọ̀ tí àtùpà wà. Àwọ̀ ewé ni.

Màámi bú sẹ́kún. Bàámi dé fìlà rẹ̀ padà.

"Orúkọ," ni Etí wí.

"Ìyùnadé Akíngbadé," ni Tanímọlá dáhùn. Ó mí kanlẹ̀. Ó wo ìyá náà pẹ̀lú ìtìjú. "Màmá, ẹni tí wọ́n pọ̀n kì í ní orúkọ nínú ìwé ọkọ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọmọ ọwọ́ ni wọn ó kọ yín. Kò ní í sí ibi kankan tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ẹ lọ."

"Ìdí-Àgbọn náà kò sí nínú ìwé wọn mọ́," ni Ìyá Àgbà wí láti ẹ̀yìn ọmọ ọmọ rẹ̀. "Ṣùgbọ́n sọ fún omi pé à ń bọ̀."

Ìyùnadé so ọ̀já rẹ̀ le sí i. Wọ́n ti kúrò nínú òtútù, ó lè sọ ìyá náà kalẹ̀ bó bá fẹ́. Kò sọ ọ́ kalẹ̀.